Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Bí ọmọ kan bá dé ilé onílé, tí kò kí àgbà, tó jẹun tán tí kò dúpẹ́, àgbà tó wà níbẹ̀ kì í bá a jà. Yóò kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àwọn òbí ọmọ ló ń bá wí. Ìlẹ̀kẹ̀ tí obìnrin fi ń ṣoge lóde àríyá, inú àpótí ilé rẹ̀ ló ti mú un. Ẹni tí àpótí rẹ̀ bá ṣófo, ọrùn lásán ni yóò gbé jáde. Ìwà àti ẹ̀kọ́ ilé la sábà máa ń pa òwe yìí lé lórí, ṣùgbọ́n ó gba ibòmíràn dáadáa. Mo fẹ́ gbé e ka orí Gẹ̀ẹ́sì kíkọ sílẹ̀, tó ń fún ọ̀pọ̀ èèyàn wa ní ẹ̀fọ́rí lásìkò jápa yìí. Èrò mi ni pé ohun ìṣeré tí a rà fọ́mọ nígbà Kérésìmesì wúlò fún ẹni tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju ìdajì ìwé gírámà tó wà lórí àtẹ lọ.

Ẹ wo àwọn tó ń gbaradì fún IELTS, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì tí ọ̀pọ̀ tó fẹ́ lọ sókè òkun ń ṣe. Owó rẹ̀ pọ̀, èsì rẹ̀ kì í sì í wúlò ju ọdún 2 lọ, nítorí náà tìbẹ̀rù-tìbẹ̀rù ni ọ̀pọ̀ fi ń wọ̀ ọ́. Ní apá ìkọ̀wé, iṣẹ́ 2 ni wọ́n máa ń ṣe láàárín ìṣẹ́jú 60: ọ̀kan kò gbọdọ̀ dín ní ọ̀rọ̀ 150, èkejì kò gbọdọ̀ dín ní 250. Kí ni àwọn èèyàn wa wá ń ṣe? Wọ́n á wá àròkọ tí ẹlòmíràn ti kọ, lórí ojú ọjọ́ tó ń yí padà, lórí ọ̀rọ̀ ajé àgbáyé, wọ́n á kọ́ ọ sórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Tó bá wá di apá ọ̀rọ̀ sísọ, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 11 sí 14, olùdánniwò á na káàdì kan sí wọn: ẹ fi ìṣẹ́jú 1 ronú, kí ẹ sì sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 1 sí 2. Lára ohun tí káàdì yẹn máa ń béèrè ni pé kí èèyàn ṣàpèjúwe ohun ìṣeré kan tó fẹ́ràn nígbà tó wà ní kékeré. Ẹni tó ti há odindi àròkọ ojú ọjọ́ sórí á wá máa wò bọ̀ọ̀. Ó mọ orúkọ èéfín tó ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé táyà ọkọ̀ ìṣeré yọ.

Akọ́sórí yìí kò tilẹ̀ tan olùdánniwò jẹ. Wọ́n ti kọ́ ọ láti dá a mọ̀, ìlànà máàkì rẹ̀ sì fi hàn pé ìdáhùn àkọ́sórí kò lè gba máàkì gidi. Ohun 4 ló ń wò nínú ìkọ̀wé: ṣé ẹ dáhùn ìbéèrè, ṣé ọ̀rọ̀ yín tò, ṣé ẹ ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, ṣé gírámà yín tọ́. Kò sí èyí tó ní kí èèyàn sọ̀rọ̀ bíi mínísítà.

Ẹ jẹ́ ká wá wo inú ilé. Ní oṣù Kejìlá, ẹ ò lè kọjá ní Dùgbẹ̀ n'Ìbàdàn tàbí ní Balógun l'Ékòó kí ẹ má rí àwọn ohun ìṣeré tí à ń rà wálé fọ́mọ: awò dúdú onírọ́bà, aago ọwọ́ tí kì í rìn, ìbọn olómi, ọmọlangidi onírun gígùn, ọkọ̀ ọlọ́pàá tó ń han gooro tí iná orí rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Ká ní ọkọ̀ ọlọ́pàá yìí lẹ rà. Ẹ gbé e sórí tábìlì, kí ẹ mú bírò. Gbólóhùn àkọ́kọ́, pé ẹ ra ọkọ̀ kan, ti gba àsìkò tó ti kọjá, ohun tí ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í yí ara rẹ̀ padà fún. "Rà" la lò fún àná, òun náà la ó lò fún ọ̀la. Gbólóhùn kejì ti ń béèrè èwo ni "a", èwo ni "the": ọkọ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dárúkọ, àti ọkọ̀ tí a ti jọ mọ̀. Ìyẹn nìkan ṣì ń da àwọn tó gboyè yunifásítì láàmú. Ọkọ̀ náà kéré, ó pupa, rọ́bà ni wọ́n fi ṣe é. Gẹ̀ẹ́sì ní bó ṣe ń tò wọ́n, ìtóbi ṣáájú àwọ̀, àwọ̀ ṣáájú ohun tí wọ́n fi ṣe é, kí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ tó wá gbẹ̀yìn, níbi tí àwa ti máa ń fi ọkọ̀ ṣáájú. Ọmọ ńkọ́? Tó bá jẹ́ obìnrin, arọ́pò-orúkọ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ti ọkọ̀ tún yàtọ̀ sí tàwọn méjèèjì, bẹ́ẹ̀ "ó" kan ṣoṣo ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí lọ́dọ̀ wa. Ẹ ó ti gbọ́ oníwàásù tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì yin ìyàwó rẹ̀, tó sì ti sọ ọ́ di ọkùnrin kó tó dé àmín.

Ẹ má dúró níbẹ̀. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ọkọ̀ náà sá wọ̀, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n ti rí i, orí kọ́bọ́ọ̀dù ni bàbá gbé e sí nígbà tí ariwo rẹ̀ sú u: àwọn ọ̀rọ̀-atọ́kùn tí a máa ń ṣì lò nìyẹn. Kí ọdún tuntun tó wọlé, bátìrì á ti kú, táyà kan á ti yọ, ẹnì kan á ti sunkún. Àròkọ aṣàpèjúwe ti di àròkọ oníròyìn. Ìdí tí irú àròkọ yìí fi rọrùn kò ṣòro láti rí. Ẹni tó ń fi èdè tí kò gbọ́ kọ ohun tí kò mọ̀, ẹrù méjì ló gbé lẹ́ẹ̀kan. Ohun ìṣeré ti yọ ọ̀kan kúrò: ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló kù láti bá jìjàkadì.

Ẹni tí yóò bá yín ka ohun tí ẹ kọ náà tún wà nínú ilé. Ọmọ tó ń lọ sílé ìwé aládàáni ti mọ orúkọ gbogbo ẹ̀yà ara ọkọ̀ yẹn ní Gẹ̀ẹ́sì, kò sì ní tijú láti sọ pé, "Mọ́mì, ẹ ò kọ èyí dáadáa." Mo gbà pé ó ń dunni díẹ̀ kí ọmọ ọdún 7 máa tún Gẹ̀ẹ́sì ìyá rẹ̀ ṣe. Kí ẹ ní kó wá fi Yorùbá sọ gbogbo rẹ̀ padà fún yín. Ibẹ̀ ni òun náà á ti máa kálòlò, tí ara yóò sì tù yín.

Ẹni tó ṣáájú wa nínú fífi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ̀rọ̀ ilé, ọmọ Òṣogùn ni. Wọ́n kó o lẹ́rú lọ́dún 1821, ọkọ̀ ojú omi ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lọ́dún 1822, wọ́n gbé e lọ sí Sàró, níbi tó ti kọ́ ìwé. Òun la wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther. Lọ́dún 1837, ó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ lẹ́tà gígùn kan nípa bí ayé rẹ̀ ṣe rí. Ohun tó jẹ́ kí a ṣì máa ka lẹ́tà náà dòní kì í ṣe gírámà. Ilé tó wà nínú rẹ̀ ni: ìyá rẹ̀, àwọn àbúrò rẹ̀, oúnjẹ àárọ̀ tí wọ́n ń pèsè lọ́wọ́ nígbà tí ìró ogun ta sí wọn létí. Lẹ́yìn èyí, lọ́dún 1843, ni ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ṣe jáde. Nígbà tó di 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ náà gba ọ̀nà ilé yìí: Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan níṣẹ́ fún ọdún 6 gbáko ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan tí tìṣà tó mọ̀ ọ́n ń kọ́ wọn. Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí ti ẹgbẹ́ wọn.

Àwọn kan á ní ohun ìṣeré kò lè gbé àgbàlagbà débì kankan. Òwe kan kúkú wà tó gbè wọ́n, pé bí ọmọdé ò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn, á ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ tún òwe tiwa gbọ́: kò ní ká ṣoge tán ká jókòó sílé, ó ní ká kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ dojú ọkọ̀ ọlọ́pàá yẹn dé, ẹ ó rí i níbi ikùn rẹ̀ pé Ṣáínà ni wọ́n ti ṣe é. Ìlú kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Yiwu, ní ìpínlẹ̀ Zhejiang, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀ṣọ́ Kérésìmesì gbogbo ayé ti ń wá. Báwo ni ọkọ̀ náà ṣe ti Ṣáínà dé èbúté Àpápá, tó sì dé àtẹ? Ta ló yẹ kó yẹ rọ́bà rẹ̀ wò kí ọmọ tó fi sẹ́nu? Kí ló dé tí àwọn ọmọ tó ń fi agolo mílíìkì àti ìdérí ìgò ṣe ọkọ̀ fúnra wọn láyé ọjọ́sí fi di ẹni tó ń dúró de ti òkèèrè? Kí tilẹ̀ ni Bàbá Kérésì ń fi aṣọ òtútù àti irùngbọ̀n òwú ṣe nínú oòrùn ìlú wa? Ẹni tó bá lè fi ìdí èrò rẹ̀ múlẹ̀ lórí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí ti wà nínú àròkọ ọlọ́rọ̀ 250 yẹn, láìyá ti ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe ìdánwò lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ gbé ìwé akọ́sórí tì ná. Nígbà tí àlejò ọdún bá ti lọ tán, ẹ mú ohun ìṣeré ọmọ yín, kí ẹ kọ ìlà 10 nípa rẹ̀: ohun tó jẹ́, ẹni tó rà á, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Lọ́jọ́ kejì, ẹ kọ ìlà 10 mìíràn, kí ẹ sì fún ẹnì kan kà. Bí ẹ ò bá tíì bímọ, ẹ yá ti ọmọ aládùúgbò, kí ẹ sì tètè dá a padà.