Iná, Mọ́tò àti Agbára: Èrò Kan lórí Ọ̀rọ̀ Ìperí fún Ọkọ̀ Tí Kì Í Mu Epo

Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìwé ní èdè Yorùbá lórí ọkọ̀ tí kì í mu epo kò ní kú àìríọ̀rọ̀lò. Ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀, ó tilẹ̀ pọ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ọkọ̀ elépo ni a yan gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún, àti pé mẹ́ta nínú wọn, èyíinì ni iná, mọ́tò àti agbára, yóò ṣi olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà bí a bá kàn gbé wọn lé ọkọ̀ tuntun náà lórí láìyẹ̀ wọ́n wò. Èrò tiwa ni pé kò yẹ kí a dá ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀ fún ohun gbogbo. Ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀rọ̀ àtijọ́ bá ti lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá, a gbọ́dọ̀ fẹnu kò lé e lórí nísinsìnyí, kí ìwé ìlò tí ń bá ọkọ̀ wọ̀lú tó bá wa yàn án.

Kí a tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ó dára kí a mọ̀ pé irú ọkọ̀ yìí kì í ṣe ohun àná. Ní ọdún 1859 ni Gaston Planté, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣe bátìrì olójé tí a lè ṣáájì lẹ́yìn tí ó bá ti tán. Irú rẹ̀ ni ó ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ elépo lónìí. Ní 1881 ni Gustave Trouvé gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ń lo bátìrì ní Paris, ọdún márùn-ún ṣáájú kí Karl Benz tó gba ìwé àṣẹ fún ọkọ̀ elépo tirẹ̀ ní Jámánì. Ọkọ̀ ilẹ̀ tí ó kọ́kọ́ sáré ju 100 kìlómítà lọ ní wákàtí kan, bátìrì ni ó ń lò. Camille Jenatzy, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ́ọ̀mù, ni ó wà á ní 1899. Lẹ́yìn náà ni epo borí. Ford gbé Model T jáde ní 1908, owó rẹ̀ sì ń wálẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ní 1912 ni Cadillac bẹ̀rẹ̀ sí lo sítátà tí Charles Kettering ṣe, tí ó fi jẹ́ pé awakọ̀ kò ní láti fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì mọ́ kí ó tó jí. (Bátìrì ni ó ń yí sítátà náà. Ọ̀tá ilé ni ó ran epo lọ́wọ́.) Nígbà tí ọkọ̀ ilẹ̀ fi di ohun tí tọmọdé tàgbà mọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, epo ti jọba, gbogbo ọ̀rọ̀ tí a yá fún ẹ̀yà ara ọkọ̀ sì gbóòórùn epo.

Síbẹ̀, àwọn baba wa ṣe ohun kan tí ó yẹ kí a yìn wọ́n fún. Ọkọ̀, tí ó jẹ́ ti ojú omi ní ìbẹ̀rẹ̀, ni wọ́n mú gun orí ilẹ̀, tí wọ́n mú gun ojú irin, tí wọ́n sì mú lọ sí òfurufú. Ibi tí ọkọ̀ ń gbà ni wọ́n fi sọ ọ́. Wọn kò fi ohun tí ó ń jẹ sọ ọ́. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í ti Èkó lọ sí Ìbàdàn ní 1901, èédú ni ó ń jó. Nígbà tí ó yá, ó di dísẹ̀lì. Ọkọ̀ ojú irin Ọ̀nà Búlúù tí ó bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò ní Èkó ní 2023, iná mànàmáná ni wọ́n ṣe é fún. Ọkọ̀ ojú irin náà ni gbogbo wọn ń jẹ́, kò sì sí ìgbìmọ̀ kan tí ó ní láti jókòó lé e lórí.

Ayọ́kẹ́lẹ́ yàtọ̀ díẹ̀, nítorí pé ìwà ọkọ̀ ni ó ń sọ: ohun tí ń yọ́ rìn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí a gbọ́ ìró ẹsẹ̀ òun. Bí a bá fi ọkọ̀ elépo kékeré wé lọ́rì tàbí bọ̀lẹ̀kájà, orúkọ náà kò burú, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti dúró lẹ́bàá ọkọ̀ tí sàlẹ́ńsà rẹ̀ ti jò yóò gbà pé àpọ́nlé wà nínú rẹ̀. Ara ọkọ̀ tí ń lo bátìrì ni orúkọ yìí ti wá ṣẹ. Ó yọ́ kẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi ṣòfin pé láti oṣù keje 2021, gbogbo irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tí ó bá jẹ́ tuntun gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò máa dún jáde nígbà tí ó bá rọra ń lọ, kí ẹni tí ojú ń dùn má baà bọ́ sí i lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí a fi ayọ́kẹ́lẹ́ sílẹ̀ bí ó ti wà.

Ọ̀rọ̀ tí a ó fi yà á sọ́tọ̀ ni ó kù. Ọkọ̀ oníná àti ọkọ̀ oníbátìrì ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ènìyàn lọ́kàn, ṣùgbọ́n àfòmọ́ oní- kò ràn wá lọ́wọ́ níbí. Ohun tí ènìyàn ní ni oní- ń sọ, ọkọ̀ elépo sì ní iná níwájú, ó ní lẹ́yìn, ó sì ní bátìrì. Ajẹbátìrì kò ṣeé lò, nítorí fóònù tí kò dára ni a ń sọ pé ó ń jẹ bátìrì. Èyí tí a fara mọ́ ni afibátìrìrìn, tí a ṣẹ̀dá bí afàwọ̀rajà: kò sọ pé ọkọ̀ náà ní bátìrì, ohun tí ó ń fi bátìrì ṣe ni ó sọ. A mọ̀ pé ìparí rẹ̀ ń dí ahọ́n lọ́wọ́ díẹ̀. Ẹni tí ó bá rí èyí tí ó dùn jù ú lọ, tí kò sì gbé oní- padà wá, kí ó mú un jáde.

Mọ́tò ni ó le jù. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀rọ tí ń yí nǹkan ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ wa, odindi ọkọ̀ ni a fi í pè. Yorùbá tí ó bá ní òun ra mọ́tò, ọkọ̀ ni ó rà. Bí olùkọ́ físíìsì bá wá dúró níwájú kíláàsì tí ó ní mọ́tò wà nínú fáànù, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. A kò lè gba mọ́tò lọ́wọ́ àwọn awakọ̀, kí a má tilẹ̀ dán an wò. Bí a bá sì ní kí a pè é ní ẹ́ńjìnnì, a ti tún kó sínú ìṣòro mìíràn. Ẹ́ńjìnnì lẹ́nu mẹkáníìkì ni ibi tí epo ti ń jó, tí písítìn ti ń lọ sókè sódò, tí a ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀, tí ó sì lè nọ́ọ̀kì bí a kò bá tọ́jú rẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí nínú ẹ̀rọ tí à ń wí. Wáyà kọ́pà tí a wé jọ ni, pẹ̀lú irin tí òòfà ń yí láàárín rẹ̀.

Ohun tí ó lè gbà wá ti wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn tipẹ́, òun ni amúnáwá. Ẹ̀rọ tí à ń wá orúkọ fún, ìbejì amúnáwá ni. Bí a bá fi ipá yí i, yóò mú iná wá. Bí a bá fún un ní iná, yóò máa yí. Nítorí náà afináyí ni a dábàá fún un. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá rí amúnáwá àti afináyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lójú pátákó, yóò ti rí ìbátan wọn kí olùkọ́ tó la ẹnu. Ibi tí èyí ti wúlò jù ni àlàyé ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ afibátìrìrìn bá ń sọ̀kalẹ̀ òkè, tí awakọ̀ sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ohun tí a ń tẹ̀ kí ọkọ̀ sáré. Nígbà náà, táyà ni ó ń yí ẹ̀rọ, afináyí di amúnáwá, iná sì ń padà sínú bátìrì bí ìrìn ọkọ̀ ti ń dín kù. Nínú ọkọ̀ elépo, bíréèkì a máa sọ gbogbo rẹ̀ di ooru, afẹ́fẹ́ a sì gbé e lọ.

A mọ̀ pé ẹnìkan yóò ní ẹ́ńjìnnì elépo náà ń fi iná yí, iná tí ń jó. Òtítọ́ ni, ó sì gbé wa dé ọ̀rọ̀ tí ó dun wá jù.

Iná ni a ń pe ohun tí ń jó igbó, iná ni a ń pe ohun tí ń tàn nínú gílóòbù, iná náà sì ni ohun tí ń gba inú wáyà. Nínú ilé, èyí kì í da ẹnikẹ́ni láàmú. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wáyé a máa là á yé wa. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ afibátìrìrìn, oríṣi iná méjèèjì lè wà ní ojú kan náà ní àkókò kan náà. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù, tí Sony kọ́kọ́ tà fún aráyé ní 1991, lè bẹ̀rẹ̀ sí jó bí ìjàǹbá bá fọ́ ọ nínú, ó sì lè tún ràn lẹ́yìn tí a bá ti rò pé ó kú. Ẹ jẹ́ kí a wá ronú nípa atúmọ̀ èdè tí a gbé ìwé ìlànà fún pé kí ó túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn panápaná. Ó kọ ọ́ pé, 'Ẹ kọ́kọ́ pa iná bátìrì.' Ṣé kí wọ́n da omi lé e ni, tàbí kí wọ́n yọ wáyà tí ó so bátìrì pọ̀ mọ́ ara ọkọ̀? Ìtumọ̀ méjèèjì ni gbólóhùn náà ní, kò sì sí àkókò láti padà bi atúmọ̀ èdè. 'Bátìrì ti gbaná' náà nìyẹn: ẹnìkan lè gbọ́ ọ pé ó ti kún, kí ẹlòmíràn gbọ́ ọ pé ó ti ń jó.

Àwọn kan lè fẹ́ kí a lé iná jáde, kí a máa sọ mànàmáná nìkan. A kò rò pé yóò ṣeé ṣe. Ẹni tí ó bá sì tẹ́tí sí bí àwọn ènìyàn ti ń sọ̀rọ̀ yóò rí i pé wọ́n ti yanjú ìdajì rẹ̀ fúnra wọn. Èyí tí ń jó ni ó ń jó ènìyàn. Èyí tí ó wà nínú wáyà ni ó ń gbé ènìyàn. Kò sí ẹni tí ó ń ṣi méjèèjì lò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iná ni olùwà nínú gbólóhùn méjèèjì. Ọ̀rọ̀ ìṣe ni ó ń pín wọn níyà. Ní ọ̀nà kan náà, ẹni tí kò san owó iná ni wọ́n ń gé iná rẹ̀. A kì í gé iná igbó. Nítorí náà, kí àwọn òǹkọ̀wé wa fi pa iná mọ fún èyí tí ń jó, kí wọ́n sì máa lo gé iná fún èyí tí ó wà nínú wáyà. Kí gbaná wà fún jíjó nìkan, kí ṣáájì, tí ọmọ ọdún mẹ́ta pàápàá mọ̀, wà fún bátìrì. Ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tí ó gbayì kò sí nínú ìdábàá yìí, a mọ̀. Ṣùgbọ́n kò ná wa ní ohunkóhun, ó sì lè gba ẹ̀mí là.

Ẹ̀mí rìwáyà ni a ń rò jù. Láti ọjọ́ tí a ti mọ iṣẹ́ yìí, bátìrì fólítì 12 ni ó ń bá ṣiṣẹ́, ó sì ti mọ́ ọn lára láti fi ẹnu wáyà kan ra ara wọn kí ó lè rí i bóyá yóò ṣáná. Fólítì 12 kì í pa ènìyàn. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ afibátìrìrìn, bátìrì ńlá tí ń yí táyà tó fólítì 400, ó sì ti dé 800 nínú àwọn mìíràn. Wáyà aláwọ̀ ọsàn ni a fi ń dá a mọ̀. Bí a bá kọ sí i lára pé 'iná wà níbí', rìwáyà yóò rẹ́rìn-ín: níbo ni iná kò sí nínú iṣẹ́ tirẹ̀? 'Yóò gbé ọ pa' ni kí a kọ.

Agbára, a ó kàn fi ọwọ́ bà á. Nissan Leaf àkọ́kọ́, tí ó jáde ní 2010, ní bátìrì kílówáàtì-wákàtí 24 àti afináyí kílówáàtì 80. Bí olùkọ́ bá ní agbára bátìrì jẹ́ 24, tí agbára afináyí sì jẹ́ 80, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní làákàyè yóò bèèrè bí kékeré ṣe ń gbé ńlá. Ohun ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Ọ̀kan ni ohun tí ó wà ní ìpamọ́. Èkejì ni bí a ṣe ń yára ná an tó. Bí afináyí yẹn bá ń lo gbogbo 80 rẹ̀ láìdáwọ́dúró, bátìrì náà yóò tán láàárín ìṣẹ́jú 18. Okun ni ó yẹ kí a pe èyí tí ó wà ní ìpamọ́, nítorí okun inú ni a fi ń gbé ti òde, kí agbára sì jẹ́ ti ìyára ìnáwó rẹ̀. Bíréèkì tí a sọ lẹ́ẹ̀kan lè wá máa jẹ́ bíréèkì adókunpadà. Kìkì pé kí àwọn tí ń tẹ ìwé má ṣe yọ àmì ohùn kúrò, kí okun má di òkun tàbí okùn mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́.

Ó ku ibi tí a ti ń bu oúnjẹ fún ọkọ̀. Ilé epo kò bá a mu mọ́. Láti 2022 ni àwọn ọlọ́kadà kan ní ilẹ̀ Benin àti Togo ti ń gun alùpùpù tí kì í mu epo; wọn kì í dúró ṣáájì, wọn a fi bátìrì tí ó ti tán sílẹ̀, wọn a sì gba èyí tí ó kún, wọn a máa bá tiwọn lọ. Yorùbá wà lára àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí àti àwọn tí wọ́n ń gbé ní Kútọnu àti ní Àjàṣẹ́. Kí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tí ń kọ́ni lọ́hùn-ún bá wa gbọ́ ohun tí wọ́n ń pe ibẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí wa, kí a tó jókòó ní Ìbàdàn tàbí Èkó dá orúkọ mìíràn sílẹ̀ fún un.