Pátákó Ló Kún Nínéfè

Ọ̀rọ̀ kan tí Marco Rubio, akọ̀wé ìjọba Amẹ́ríkà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, kọ sórí X ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹta ọdún 2025 ṣì ń bí mi nínú di òní. Ó ń fọ́nnu pé àwọn ti fagi lé ìdá 83 nínú 100 iṣẹ́ tí USAID, ilé iṣẹ́ ìrànwọ́ Amẹ́ríkà fún ilẹ̀ òkèèrè, ń ṣe, àdéhùn bíi 5,200, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó bá a ṣe é. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kìíní oṣù keje, wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa, wọ́n kó ìyókù rẹ̀ sábẹ́ ọ́fíìsì tirẹ̀.

Owó Amẹ́ríkà ni, kí wọ́n máa ná an bó ṣe wù wọ́n. Ohun tó ká mi lára ni pé ìjọba Trump yìí kan náà, nígbà tó kọ́kọ́ jókòó, ló rán igbákejì ààrẹ, Mike Pence, sí àwọn Kristẹni Ìlà-Oòrùn ní oṣù kẹwàá ọdún 2017. Pence ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kò mọ̀ ọ́n ṣe, pé láti ìgbà náà lọ, USAID ni yóò máa gbé owó náà lé àwọn tí wọ́n ń pọ́n lójú lọ́wọ́ tààrà. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Bí ẹ bá dé pẹ̀tẹ́lẹ̀ Nínéfè ní Iraq lónìí, ẹ lè bá pátákó tó sọ pé ẹ̀bùn àwọn ará Amẹ́ríkà ni ibí yìí. Ilé iṣẹ́ tó gbé pátákó náà kọ́ ni ẹ ò ní bá mọ́.

Ẹ ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bi mí ibi tí Nínéfè wà. Ilé ìwé Ọjọ́ Ìsinmi ti kọ́ wa: Jónà, ẹja ńlá, aṣọ ọ̀fọ̀ àti eérú. Èyí tí tíṣà wa ò fi kún un ni pé àwọn ará Asíríà ṣì wà lórí ilẹ̀ yẹn, wọ́n ṣì ń gba àwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta ti Nínéfè lọ́dọọdún, èdè Árámáíkì ni wọ́n sì fi ń bá ọmọ wọn wí. Ṣáájú ogun 2003, wọ́n máa ń sọ pé Kristẹni tó wà ní Iraq tó mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀, àwọn ará Asíríà ló sì pọ̀ jù nínú wọn, yálà ìjọ Kálídíà ni wọ́n ń lọ tàbí ti Síríà. Lónìí, ẹni tó bá pè wọ́n ní 250,000 ti ṣojú àánú sí wọn.

Ní òru ọjọ́ kẹfà mọ́jú ọjọ́ keje oṣù kẹjọ ọdún 2014, ISIS ń bọ̀ lọ́nà Qaraqosh, Bartella àti Karamles, ìlú mẹ́ta ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà. Àwọn ọmọ ogun Kurd tó ní àwọn ń ṣọ́ wọn ti palẹ̀ mọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Nǹkan bí 120,000 èèyàn ló fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ lọ sí Ankawa ní Erbil àti sí Dohuk, ọ̀pọ̀ nínú wọn pẹ̀lú aṣọ ọrùn wọn nìkan. Wọ́n lo ọdún méjì gbáko nínú àgọ́, nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, nínú ilé tí wọn ò tíì parí. Nígbà tí wọ́n lé ISIS kúrò ní ìparí ọdún 2016, àwọn ìjọ mẹ́ta àti ẹgbẹ́ Aid to the Church in Need dá ìgbìmọ̀ àtúnkọ́ kan sílẹ̀. Wọ́n ka ilé tó bàjẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: nǹkan bí 13,000. Wọ́n ṣírò ohun tí yóò ná wọn: láti 200 mílíọ̀nù dọ́là dé 250 mílíọ̀nù.

Ẹ mú bírò. Iraq ń ta epo rọ̀bì tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta àgbá sí òkè òkun lójúmọ́. Bí ẹ bá ta àgbá kan ní dọ́là márùndínlọ́gọ́rin, owó tó máa wọlé kí oòrùn tó wọ̀ yóò sún mọ́ 250 mílíọ̀nù. Ọjọ́ kan. Epo ọjọ́ kan ṣoṣo ló máa tún gbogbo ilé àwọn ará Asíríà tó wó ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà kọ́, wọ́n á sì lọ sùn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Baghdad fọwọ́ sí ètò ìṣúná tó jẹ́ tírílíọ̀nù 198.9 dínárì, nǹkan bí bílíọ̀nù 153 dọ́là, wọ́n sì ń yangàn pé irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà tí Iraq ti ń jẹ́ Iraq. Owó ilé tí mò ń sọ yìí ò tó méjì nínú ẹgbẹ̀rún rẹ̀. Síbẹ̀, igbá agbe ni àwọn bíṣọ́ọ̀bù Nínéfè gbé kiri Yúróòpù, wọ́n ń tọrọ àpò sìmẹ́ǹtì. (Iraq àti àwa jọ wà nínú ẹgbẹ́ OPEC. Ọmọ ilé kan náà máa ń jọra.)

Kí ẹ má rò pé ayé ò ṣèpàdé lórí ẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2018, wọ́n pé jọ ní Kuwait. Iraq gbé ìwé jáde pé bílíọ̀nù 88.2 dọ́là ni yóò tún orílẹ̀-èdè náà ṣe. Àwọn àlejò jẹ oúnjẹ tó dára, wọ́n sì ṣèlérí bílíọ̀nù 30. Ìwé ìròyìn gbé e, owó gọbọi! Ìgbà tí èèyàn wá tú ìlérí náà wò ló rí i pé gbèsè ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìdúró fún àwọn oníṣòwò tó bá fẹ́ tajà fún Iraq. Tọ́kì ní òun á fi bílíọ̀nù márùn-ún sílẹ̀ láwìn. Ti Amẹ́ríkà náà, àwìn ni. Ẹni tí iná jó ilé rẹ̀, ẹ ní kó wá tọwọ́ bọ̀wé gbèsè, ẹ wá ń pe ara yín ní aláàánú.

Mo ti sọ̀rọ̀ pátákó, n ò sì tíì ṣe tán pẹ̀lú rẹ̀. Ní ọdún 2017, àlùfáà àti aráàlú ń ráhùn pé ilé ìwé tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní àwọn ti tún ṣe tán, ọ̀dà ni wọ́n kùn ún, wọ́n wá kọ orúkọ ara wọn sí i lára gàdàgbà. Inú kíláàsì ò ṣeé jókòó sí. Ní Alqosh, ìlú tí ISIS ò tilẹ̀ dé, ibojì wòlíì Náhúmù gba 500,000 dọ́là lọ́wọ́ ìjọba Amẹ́ríkà. Náhúmù yìí ló fi gbogbo ìwé rẹ̀ ṣépè fún Nínéfè. Ibojì àtayébáyé ni, ó sì yẹ ní títún ṣe. Èmi ò bá òkú jà. Ṣùgbọ́n ìdílé tó wà ní Batnaya, níbi tí ilé tó ṣì dúró ò ti pọ̀, lè béèrè bóyá kí àwọn náà kọ́kọ́ kú kí wọ́n tó wọ ìwé owó.

N ò fẹ́ purọ́ mọ́ gbogbo wọn. Hungary mú nǹkan bí mílíọ̀nù méjì yúrò, ó kó o fún ìjọ ní ìlú Telskuf ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà, kò gba ọ̀dọ̀ agbaṣẹ́ṣe tó ń gbé Geneva kọjá. Láàárín oṣù díẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé ti ní òrùlé, àwọn onílé sì ti padà. Inú àwọn ará ibẹ̀ dùn débi pé wọ́n ń pe ìlú wọn ní ọmọbìnrin Hungary. Òṣèlú wà nínú ẹ̀, mo mọ̀. Orban, olórí ìjọba Hungary nígbà náà, tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún tún ilé Telskuf ṣe ló ń fi ọwọ́ òsì na wáyà sí ẹnubodè rẹ̀ kí asásálà má baà wọlé. Bíríkì ò kúkú mọ òṣèlú.

Ọ̀rọ̀ Telskuf yìí gan-an ló wá jẹ́ kí ojú mi là sí ibi tí owó ò lè dé. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà tí Pence ń sọ tiẹ̀ ní Washington, ọmọ ogun Baghdad àti ọmọ ogun Kurd kọjú ìjà síra wọn lẹ́bàá ìlú náà. Ọ̀rẹ́ Amẹ́ríkà làwọn méjèèjì, ìbọn Amẹ́ríkà wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Wọ́n ní kí àwọn ará Telskuf jáde. Wọ́n ti ilẹ̀kùn tí ọ̀dà ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ, wọ́n tún sá. Wọ́n padà lẹ́yìn náà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti sá lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún mẹ́ta, ṣé ó máa ra màlúù ni àbí ó máa ra ìwé ìrìnnà?

Nínéfè jẹ́ ilẹ̀ tí Baghdad àti ìjọba Kurd ní Erbil jọ ń jà sí. Abala 140 nínú òfin Iraq ní kí wọ́n yanjú ẹ̀ kí ọdún 2007 tó parí. Ẹ wo kàlẹ́ńdà. Láàárín àwọn méjèèjì ni àwọn ẹgbẹ́ oníbọn wá gúnlẹ̀ sí. Ní oṣù keje ọdún 2019, ilé iṣẹ́ ìṣúná Amẹ́ríkà fòfin de Rayan al-Kildani, olórí Bírígéèdì 50, wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kó ilé Batnaya, wọ́n ń gba oko olóko tà, àwọn gan-an ló sì ń dí àwọn tó fẹ́ padà sílé lọ́wọ́ jù. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, nínú àga márùn-ún tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún Kristẹni nílé aṣòfin Baghdad, ẹgbẹ́ òṣèlú ọkùnrin yìí gba mẹ́rin. Ìjọba Iraq ló sì ń san owó oṣù fún àwọn oníbọn wọ̀nyí. Ẹ ṣe àròpọ̀ rẹ̀: owó epo kan náà tí kò tó tún ilé ṣe, ó tó bọ́ ẹni tí wọ́n ní ó ń kó ilé.

Ìdí nìyí tí nǹkan bí ìdajì àwọn ará Qaraqosh, tí wọ́n tó 50,000 tẹ́lẹ̀, kò fi padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé tó pọ̀ níbẹ̀ ti dúró, Póòpù Francis sì ti wá gbàdúrà nínú ṣọ́ọ̀ṣì Al-Tahira ní oṣù kẹta ọdún 2021. Tel Keppe ńkọ́? Àwọn ọmọ ibẹ̀ pọ̀ ní Detroit ju bí wọ́n ṣe pọ̀ nílé lọ. Ẹni tó padà náà, iṣẹ́ wo ló fẹ́ ṣe? Àgbẹ̀ àti ọlọ́sìn ni wọ́n; ọjà Tọ́kì àti ti Iran ti kún ìsọ̀. Iṣẹ́ ìjọba, ẹgbẹ́ òṣèlú ló ń pín in. Nígbà tó tún di oṣù kejìlá ọdún 2020, báńkì àgbà Iraq já dínárì kalẹ̀, dọ́là kan tó wà ní 1,182 di 1,450. Ẹ̀yin tí ẹ rí ohun tójú náírà rí ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ò nílò àlàyé mi.

Kí wá ni ṣíṣe? Kí Baghdad kọ́kọ́ san owó gbà-má-bínú. Òfin 20 ti ọdún 2009 ti sọ ọ́ kedere pé ẹni tí ogun tàbí agbésùmọ̀mí ba ohun ìní rẹ̀ jẹ́, ìjọba ni yóò san án. Ìwé àwọn èèyàn ti ń pọ́n lórí tábìlì níbẹ̀. Kí wọ́n kó àwọn oníbọn àjèjì kúrò, kí wọ́n fi ọmọ ìlú ṣọ́ ìlú. Kí ẹni tó bá fẹ́ ṣàánú gbé owó gba ọwọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀, irú bíi Assyrian Aid Society tó ti ń bójú tó ilé ìwé tó ń fi èdè wọn kọ́ ọmọ láti àwọn ọdún 1990. Kí wọ́n sì...

Kí ni mo tilẹ̀ ń tò sílẹ̀? Wọ́n ti gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀, láti bí àádọ́rùn-ún ọdún. Lẹ́yìn tí ọmọ ogun Iraq pa àwọn ará Asíríà ní ìpakúpa ní Simele ní oṣù kẹjọ ọdún 1933, League of Nations jókòó láti wá ibi tí wọ́n máa kó àwọn tó kù sí. Ibi tí wọ́n kọ́kọ́ tọ́ka sí ni Brazil! Ìpínlẹ̀ Paraná, oko ilé iṣẹ́ òyìnbó kan. Wọ́n rán ọ̀gágun lọ wo ilẹ̀. Àwọn ará Brazil fárígá, wọ́n ní àwọn ò fẹ́, ọ̀rọ̀ náà kú ní 1934. Wọ́n tún ní British Guiana, kò bọ́ sí i. Wọ́n ní àfọ̀ Ghab ní Síríà, kí wọ́n fa omi rẹ̀ gbẹ; ìjọba tó máa sanwó ṣírò owó ẹ̀ lọ ṣírò owó ẹ̀ bọ̀, ní 1936 wọ́n pa iṣẹ́ náà tì. Ní gbogbo àsìkò yìí, àwọn èèyàn náà wà lẹ́bàá odò Khabur ní àríwá Síríà, níbi tí wọ́n ní kí wọ́n fìdí lé fún ìgbà díẹ̀. Ìgbà díẹ̀ náà di ọgọ́rin ọdún. Wọ́n kọ́ abúlé bíi 35, wọ́n gbin òwú, wọ́n gbin àjàrà, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kejì ọdún 2015, ISIS ya wọ Khabur, wọ́n kó èèyàn tó lé ní igba, arúgbó àti ọmọ ọwọ́. Wọ́n fi iye lé wọn lórí. Kò sí ìpàdé Kuwait kankan lórí èyí, òfin ò sì gba ìjọba kankan láàyè láti san án. Bíṣọ́ọ̀bù wọn ní Hasakah, Mar Afram Athniel, ló ń dúnàá-dúrà. Àwọn ọmọ Asíríà káàkiri ayé ló ń dá owó náà jọ. Wọ́n ń tú wọn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Láàárín kan, ISIS pa mẹ́ta nínú wọn, wọ́n fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ kí ẹni tó ń sanwó lè yára. Ó pé ọdún kan kí ọ̀wọ́ ńlá tó gbẹ̀yìn tó jáde, ní oṣù kejì ọdún 2016.

Àwọn èèyàn tí àwọn ìjọba ńláńlá fi ọdún mẹ́ta jiyàn lé ibi tí wọ́n máa kó wọn sí, pé owó rẹ̀ ti pọ̀ jù, àwọn gan-an ló fi owó ara wọn ra ara wọn padà, wọ́n sì bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀: Ọsirélíà, Jámánì, Amẹ́ríkà, ibikíbi tó bá ṣáà ti gbà wọ́n.