Ẹ̀ẹ̀rùn Ló Yẹ Kí Káńsù Ti Gbẹ́ Gọ́tà

Ìgbà ara là ń búra. Ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Ìlọrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ìlú àwọn àáfà ni, wọn kì í fi Ṣàngó búra níbẹ̀. Síbẹ̀, bí ọ̀rọ̀ bá di ti òjò, bí òwe yẹn ti wí gẹ́lẹ́ là ń ṣe. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, ta ló ń dárúkọ àgbàrá? Ọyẹ́ dé, eruku ń fẹ́, gọ́tà gbẹ, ọkàn oníkálukú balẹ̀. Ó di ìgbà tí ojú ọ̀run bá ṣú dẹ̀dẹ̀ kí àwọn aláṣẹ tó máa sáré kiri. N kò sọ pé òwe àwọn àgbà kò tọ̀nà. Ohun tí mo ń bá a jiyàn lé lórí kò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tó bá fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ omíyalé, ẹ̀ẹ̀rùn gan-an ni kó ti máa bú Ṣàngó.

Odò Asà ló la Ìlọrin sí méjì. Láti ìhà Ọ̀yọ́ ló ti ń ṣàn bọ̀, ó gba ibi tí ìjọba ti sé e fún omi ẹ̀rọ, ó kọjá ní Àmílẹ́gbẹ́, ó forí lé àríwá títí tí omi rẹ̀ fi dé Odò Ọya. Àwọn odò kéékèèké bí Àlùkò, Agba àti Ọ̀ṣẹ́rẹ́ ń da tiwọn sí i nínú ìgboro. Gbogbo òjò tó ń rọ̀ ní Ìlọrin lọ́dún kò ju nǹkan bíi 1,200 mìlímítà lọ, kò tó ti Èkó rárá. Bó ṣe ń rọ̀ ló ń dà wá láàmú. Àwọn onímọ̀ sọ pé bí afẹ́fẹ́ bá fi ìwọ̀n sẹ́ńtígíréèdì kan gbóná sí i, omi tó lè gbé á fi nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Nígbà tí irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ bá tú ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, kì í rọra tú u. Òjò á há títí àgbàdo á fi máa rọ lóko, lọ́jọ́ tó bá sì dé, á dé bí ẹni wá gbẹ̀san.

Ibo ni omi yẹn fẹ́ gbà? Ẹ wo gọ́tà ẹ̀gbẹ́ ọjà èyíkéyìí nígboro. Ọ̀rá piọ́wọ́tà ló léfòó lókè, ike mínírà wà lábẹ́ rẹ̀, lábẹ́ ìyẹn ni yanrìn tí àgbàrá wọ́ wá láti ojú ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà, ó ti dì gbagidi débi pé koríko ti hù lórí rẹ̀. Bí ọjọ́ ìmọ́tótó bá pé, àwọn ọ̀dọ́ á fi ṣọ́bìrì kó o jáde, wọ́n á tò ó ní òkìtì-òkìtì sí etí gọ́tà náà. Ibẹ̀ ló ń gbé. Ọkọ̀ tó yẹ kó wá kó o kò dé. Òjò àkọ́kọ́ ló ń dá gbogbo rẹ̀ padà síbi tí wọ́n ti wú u.

Òfin kò fi ẹni tó ni iṣẹ́ yìí pamọ́. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999, nínú àfikún rẹ̀ kẹrin, ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ọjà, ibùdókọ̀, ibi ìpẹran, títì àdúgbò, gọ́tà, ọgbà ìgbafẹ́, ilẹ̀ kíkó. Ẹ tún un kà. Ohun tí ojú ọjọ́ tó yí padà ń kọ́kọ́ bà jẹ́ nílùú ni wọ́n tò síbẹ̀.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ti ga ju káńsù lọ. Wọ́n á ní èéfín Amẹ́ríkà àti Ṣáínà ló fà á, kí ni alága ní Ìlọrin fẹ́ ṣe sí i? Òótọ́ ni pé ẹ̀ṣẹ̀ tiwa níbẹ̀ kò tó nǹkan. Àmọ́ ẹni tí òkò ń bọ̀ wá bá lórí kì í dúró wádìí ẹni tó jù ú kó tó yẹrí. Kí ìjọba àpapọ̀ máa bá àwọn olówó ayé du owó gbà-máà-bínú, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí aṣojú àpérò kankan tí yóò wá kó yanrìn gọ́tà Òkèlele ní Ìlọrin níbí.

Àwọn mìíràn á ní àmúwá Ọlọ́run ni. Èmi náà gba kádàrá gbọ́. Ṣùgbọ́n ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, ogun yìí sì ti kọjá àgbọ́tẹ́lẹ̀. Lọ́dọọdún ni NiMet, àjọ ojú ọjọ́ ìjọba àpapọ̀, ń sọ bí òjò yóò ṣe rí, tí NIHSA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ omi, sì ń gbé ìwé jáde lórí ìkún omi, tó ń dárúkọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí ọ̀rọ̀ kàn. Ní 2022, ìkún omi pa èèyàn tó lé ní 600 ní Nàìjíríà, ó lé mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ dín díẹ̀ kúrò nílé wọn. Àwọn ará Pàtígi àti Edu ní Kwara níbí kò ní gbàgbé. Ní òpin oṣù karùn-ún 2025, òjò òru kan ṣoṣo pa èèyàn tó lé ní 150 ní Mokwa ní ìpínlẹ̀ Niger, tí kò jìnnà sí Jẹ́bà wa rárá.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù, òun ló sì le jù. Ẹni tó lórí kò ní fìlà, ẹni tó ní fìlà kò lórí. Káńsù ni òfin gbé gọ́tà lé lọ́wọ́, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, inú àpò àjọní pẹ̀lú ìpínlẹ̀ ni owó rẹ̀ ń wọ̀, ohun tó bá sì ṣẹ́ kù lẹ́yìn owó oṣù olùkọ́ ni wọ́n ń rí lò. Èmi kò ní fi ìyẹn bú wọn. Àmọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé kí owó káńsù máa lọ sọ́wọ́ káńsù tààrà, oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà ni Kwara sì dìbò yan àwọn alága tuntun. Òfin àyípadà ojú ọjọ́ ti 2021 pàápàá fi ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ sí ìgbìmọ̀ tí Ààrẹ orílẹ̀-èdè ń darí. Àwíjàre ti ń tán lẹ́nu.

Ìlọrin ní káńsù mẹ́ta nígboro: ti Ìwọ̀-Oòrùn, ti Ìlà-Oòrùn àti ti Gúúsù. Omi kì í béèrè ààlà. Bí ọ̀kan bá gbẹ́ gọ́tà tirẹ̀ tí èkejì tó wà nísàlẹ̀ odò kò gbẹ́, ńṣe ló kàn yára gbé àgbàrá ránṣẹ́ sí aládùúgbò rẹ̀. Ètò kan ṣoṣo ló yẹ kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ kọ sílẹ̀. Ìbàdàn ti sanwó ẹ̀kọ́ yìí fún wa: odò Ògùnpa kún ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, ó kó ẹ̀mí rẹpẹtẹ lọ, nígbà tó di ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, omi tún pa èèyàn níbẹ̀ ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ọdún 2014 ni Báńkì Àgbáyé tó fọwọ́ sí igba mílíọ̀nù dọ́là láti ya ojú omi ìlú náà. Gbèsè ni, òkú ló sì ṣáájú rẹ̀.

Nígbà N.A., ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ ayé òyìnbó, wolé-wolé ń tú ìkòkò omi wò bóyá ìdin ẹ̀fọn wà níbẹ̀. Àwọn èèyàn ń sá fún un, wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ó mọ agbolé kọ̀ọ̀kan. Irú rẹ̀ ni mo fẹ́ kí káńsù dá padà, kó mọ ilé tó wà létí odò, kó mọ arúgbó tí wọ́n máa gbé jáde bí omi bá dé. Kó bá àwọn olórí àdúgbò, magàjí àti àláńgùá, ṣiṣẹ́, kí lémọ́mù sì kéde lórí mínbárì kí òjò tó dé. Kó má sì fi katakata tó ń wólé bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó kọ́lé sétí Asà kì í ṣe wèrè. Ibẹ̀ ni apá rẹ̀ ká, ẹnìkan ló sì já rìsíìtì fún un.

Ẹ̀yin ará Ìlọrin, ẹ jọ̀wọ́, bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ bá káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín. Ẹ bi í léèrè: èló ni káńsù yà sọ́tọ̀ fún gọ́tà, ojú omi wo ni wọ́n á kọ́kọ́ là, ọjọ́ wo ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ wo ni yóò kó yanrìn rẹ̀ lọ? Ẹ kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Bí kò bá ní èsì, ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀, kí ẹ sì mú ìwé yẹn lọ́wọ́ nígbà tó bá tún wá tọrọ ìbò.