Ọgbọ́n Olórí àti Ẹ̀ṣẹ̀ Rẹ̀: Ṣé Òṣùwọ̀n Kan Ni Tàbí Méjì?



Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Àsárì, àwa mélòó kan jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ṣáláṣí kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ọ̀rọ̀ ìwé tí Ọ̀gágun Ibrahim Babangida kọ nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀ ni a ń sọ, èyí tí wọ́n ṣe ìkójáde rẹ̀ ní Àbújá ní ọjọ́ 20, oṣù Kejì, ọdún 2025. Ọ̀dọ́kùnrin kan láàárín wa sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí á gbé ti Júùnù 12 sí ẹ̀gbẹ́ kan ná. Ṣé ẹ rí ọgbọ́n ìṣèlú tí ọkùnrin yìí ní? Ọdún mẹ́jọ ni ó fi yí gbogbo wọn po. Bí a bá yọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kúrò, kò sí olóṣèlú tí ó tó o."

Bàbá àgbàlagbà kan tí ó fẹ̀yìn ti ògiri gbójú sókè. Ó ní, "Ọmọ mi, mo tò sórí ìlà ní ọjọ́ náà. Ọgbọ́n tí o ń yìn yẹn gan-an ni wọ́n fi sọ ìlà tí mo tò di asán. Báwo ni o ṣe fẹ́ yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì?" Kò tún sọ nǹkan mìíràn mọ́. Ó padà sí àsíkìrì rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè bàbá yìí kò ti kúrò lọ́kàn mi. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí á máa gbé ọgbọ́n ìṣèlú apàṣẹwàá sórí òṣùwọ̀n kan, kí á sì gbé àìdára rẹ̀ sórí òmíràn? Bí ó bá jẹ́ ti Ọ̀gágun Sani Abacha ni, àríyànjiyàn kì í pọ̀ ní Èkó. Ipá ni ó fi ṣe tirẹ̀, ipá kì í sì í fani mọ́ra. Ti Babangida ni ó ní ìdẹkùn nínú, nítorí pé ẹ̀rín àti ọ̀rọ̀ dídùn ni ó fi ṣe ìjọba. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Kí á kọ́kọ́ ṣe déédéé. Ọlọ́hun Ọba kìlọ̀ fún wa nínú Súrà Karùn-ún, áyà 8, pé kí ìkórìíra wa sí àwọn ènìyàn kan má ṣe mú wa yẹ̀ kúrò lórí ẹ̀tọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní Babangida kò ṣe ohun rere kankan kò sọ òótọ́. Afárá Third Mainland, tí gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 12, tí ó sì sọ̀ kalẹ̀ sí Adéníji Adélé níhìn-ín ní ẹnu ọ̀nà wa, ìjọba rẹ̀ ni ó parí rẹ̀ ní ọdún 1990. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí a ń pè ní Road Safety, ìjọba rẹ̀ ni ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1988. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun jẹ́ ọ̀kan nínú ìpínlẹ̀ mẹ́sàn-án tí ó dá sílẹ̀ ní ọdún 1991. Ẹni tí ó bá ń gba orí afárá náà lọ sí ibi iṣẹ́ lójoojúmọ́, kí ó má ṣe sọ pé kò sí níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n afárá yàtọ̀ sí ọgbọ́n ìṣèlú. Kì í ṣe nítorí afárá ni àwọn ènìyàn fi ń fi orúkọ Maradona, agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Argentina nì, pè é. Ẹ jẹ́ kí á wo bí ọgbọ́n náà ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ó gba ìjọba ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹjọ, ọdún 1985. Láìpẹ́, ó ní kí gbogbo ará ìlú dá sí i bóyá kí Nàìjíríà yá owó lọ́wọ́ àjọ owó àgbáyé, IMF. Àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ títí, wọ́n ní àwọn kò fẹ́. Ó dáhùn pé òun ti gbọ́. Nígbà tí ó di ọdún 1986, ètò tí a ń pè ní SAP dé: owó náírà wálẹ̀, ọjà gbówó lórí, gbogbo ohun tí àwọn ènìyàn ń sá fún nínú àdéhùn owó yíyá náà sì bá wọn nílé. Wọ́n bi wá léèrè, a dáhùn, wọ́n sì ṣe ohun tí wọ́n ti pinnu tẹ́lẹ̀.

Bákan náà ni ti ìjọba alágbádá tí ó ṣèlérí. Ó kọ́kọ́ ní ọdún 1990 ni òun yóò gbé ìjọba sílẹ̀. Ó di ọdún 1992. Ó tún di oṣù Kìíní ọdún 1993. Ó tún di oṣù Kẹjọ ọdún kan náà. Ní ọdún 1989, ó kọ gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú tí àwọn ènìyàn dá sílẹ̀ fúnra wọn, ó sì dá méjì sílẹ̀ fúnra rẹ̀, SDP àti NRC. Nígbà tí àwọn olùdíje dìde nínú àwọn ẹgbẹ́ méjì náà ní ọdún 1992, ó wọ́gi lé ìdìbò abẹ́lé wọn, ó sì fòfin de àwọn 23 tí wọ́n ń du ipò ààrẹ.

Ní gbogbo ìgbà yìí, kí ni àwa ń ṣe? À ń rẹ́rìn-ín. À ń sọ pé, "Ọkùnrin yìí mà gbọ́n o!" Níbẹ̀ ni àṣìṣe tiwa ti bẹ̀rẹ̀. A jókòó bí òǹwòran ní pápá bọ́ọ̀lù, a kò mọ̀ pé àwa gan-an ni bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá.

Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ 12, oṣù Kẹfà, ọdún 1993 dé. Mùsùlùmí méjì ni wọ́n jọ díje: Olóyè Moshood Abíọ́lá àti Alhaji Bashir Tofa. Ìbò 8,341,309 ni Abíọ́lá ní, Tofa ní 5,952,087. Ní ọjọ́ 23, oṣù kan náà, ìjọba wọ́gi lé ìdìbò náà. Ẹ wo àwáwí tí wọ́n fún wa: wọ́n ní ẹjọ́ tí ó takora ti pọ̀ jù ní kóòtù, àwọn kò sì fẹ́ kí ilé ẹjọ́ di ẹni yẹ̀yẹ́. Òfin ìjọba ológun kan náà ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ilé ẹjọ́ kò gbọdọ̀ dí ìdìbò lọ́wọ́. Ọgbọ́n kan náà ni, tí ó ti ń pa wá lẹ́rìn-ín láti ọdún 1985; lọ́tẹ̀ yìí, ó ti di ìkà.

Nígbà tí ó di ọjọ́ 5, oṣù Keje, àwọn ènìyàn tú jáde ní Èkó láti fi ẹ̀hónú hàn. Ọjà dúró, ọ̀nà dí, àwọn sójà yìnbọn, ọ̀pọ̀ ọmọ ènìyàn sì kú. Ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹjọ, Babangida yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìjọba fìdíhẹ tí ó fi sílẹ̀ kò pé oṣù mẹ́ta: Adájọ́ Dọlápọ̀ Akínsànyà ní Èkó dájọ́ ní ọjọ́ 10, oṣù Kọkànlá pé kò bá òfin mu, Abacha sì gba ìjọba ní ọjọ́ 17.

Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó níhìn-ín ni Abíọ́lá ti dìde ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹfà, ọdún 1994, tí ó kéde ara rẹ̀ ní ààrẹ. Àwọn ọ̀dọ́ wa ń gba àdúgbò náà kọjá lójoojúmọ́, ọ̀pọ̀ wọn kò sì mọ̀ pé orúkọ rẹ̀ pàápàá ti inú ìjà ipò jáde. Àwọn ènìyàn Ọba Kòsọ́kọ́ ni wọ́n tẹ ibẹ̀ dó, lábẹ́ Oshòdì Tápà, nígbà tí wọ́n ti ìgbèkùn Ẹ̀pẹ́ dé ní ọdún 1862. Láti Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ni Abíọ́lá ti bọ́ sí àhámọ́, kò sì jáde láàyè. Wọ́n yìnbọn pa ìyàwó rẹ̀, Kudirat, ní Èkó ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹfà, ọdún 1996. Òun náà kú sí àhámọ́ ní ọjọ́ 7, oṣù Keje, ọdún 1998. Kì í ṣe Babangida ni ó tì í mọ́lé, kì í sì í ṣe òun ni ó pàṣẹ ikú Kudirat. Ẹ má ṣe jẹ́ kí á pa irọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn tí Abacha gbà wọlé, ta ni ó ṣí i sílẹ̀?

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á dá ọ̀dọ́kùnrin wa lóhùn. Bí télọ̀ kan bá jalè, a lè sọ pé, "Olè ni, ṣùgbọ́n ó mọ aṣọ rán." Ọ̀rọ̀ náà tọ̀nà, nítorí kì í ṣe abẹ́rẹ́ ni ó fi jalè. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá mọ bí a ti ń fi irin ṣí ìlẹ̀kùn onílẹ̀kùn lóru, ǹjẹ́ a lè sọ pé, "Ẹ fi olè jíjà rẹ̀ sílẹ̀, ẹ wo bí ọwọ́ rẹ̀ ti yá tó"? Ọwọ́ yíyá náà gan-an ni olè jíjà. Ìdí nìyí tí a fi lè yọ afárá kúrò lára ẹ̀ṣẹ̀ Babangida, tí a kò sì lè yọ ọgbọ́n ìṣèlú rẹ̀ kúrò. Afárá kọ́ ni ó fi wọ́gi lé ìbò wa. Ọgbọ́n yẹn ni.

Àwọn onímọ̀ wa àtijọ́ ti bá irú ọ̀rọ̀ yìí pàdé. Al-Hajjāj ọmọ Yūsuf, gómìnà Írákì, kò gọ̀ rárá. Ó tẹ ìlú Wāsit dó, ó mú ètò bá ìjọba, wọ́n sì so iṣẹ́ fífi àmì sí ara Al-Kùránì mọ́ orúkọ rẹ̀. Òun kan náà ni ó gbógun ti Mákà, tí wọ́n fi pa Abdullāhi ọmọ Subayr ní ọdún 692. Òun kan náà ni ó pa àáfà ńlá nì, Saʿīd ọmọ Jubayr. Àwọn onímọ̀ kọ iṣẹ́ rere rẹ̀ sílẹ̀, wọn kò fi pamọ́. Síbẹ̀ wọn kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà wẹ ẹ̀jẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹnì kan lè ní, "Ṣebí a lè kọ́gbọ́n lára rẹ̀?" Bẹ́ẹ̀ ni, a lè kọ́ ọ bí onílé ti ń kọ́ ọ̀nà tí olè gbà wọlé, kí ó lè mọ ibi tí yóò fi kọ́kọ́rọ́ sí. Ẹni tí ó bá ń kọ́ ọ nítorí pé ó wù ú, ẹ máa ṣọ́ra fún un.

Ẹlòmíràn ní, "Mùsùlùmí bíi tiwa ni, ìgbà tirẹ̀ ni Nàìjíríà wọ àjọ OIC ní ọdún 1986." Èsì mi kò gùn. Mùsùlùmí ni Abíọ́lá. Mùsùlùmí ni Kudirat. Mùsùlùmí ni Ọ̀gágun Mamman Vatsa, ọ̀rẹ́ ìgbà èwe Babangida, tí kóòtù ológun dá lẹ́bi ìdìtẹ̀gbàjọba, tí wọ́n sì yìnbọn pa ní oṣù Kẹta ọdún 1986 kan náà. Mùsùlùmí wo wá ni a ń gbè lẹ́yìn? Súrà Kẹrin, áyà 135, ti pa á láṣẹ pé kí á jẹ́rìí òdodo, ìbáà jẹ́ lórí ara wa tàbí lórí òbí wa. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sì ti kọ́ wa pé ọ̀nà tí a fi ń ran arákùnrin wa tí ó ń ṣàbòsí lọ́wọ́ ni kí á dá a lẹ́kun.

Bí a bá tilẹ̀ fi ti ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀, tí a sì wo ọgbọ́n náà bí ọgbọ́n lásán, ibo ni ó gbé e dé? Ọdún mẹ́jọ ni ó fi gbé bọ́ọ̀lù kiri, ilé ara rẹ̀ ni ó gbá a sí. Àwọn baba wa ní ọgbọ́n àgbọ́njù ní í pa òdù ọ̀yà. Nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 2025, òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ pé Abíọ́lá ni ó wọlé. Ó ní òun wà ní Kàtsínà nígbà tí wọ́n ka ìkéde ìwọ́gilé náà, ṣùgbọ́n òun gbà pé ọrùn òun ni ẹ̀bi wà. Ọdún 32 ni ọ̀rọ̀ yìí gbà kí ó tó jáde. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

A kì í ṣe adájọ́ Ọjọ́ Ìkẹyìn, a kò sì lé ẹnikẹ́ni jìnnà sí àánú Ọlọ́hun. Ẹni tí ó bá túúbá, Ọlọ́hun ni Olùgbà túúbá. Ṣùgbọ́n gbogbo wa ni a mọ̀ pé bí ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn bá wà nínú ẹ̀ṣẹ̀, dídá ẹ̀tọ́ náà padà wà lára túúbá. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Adájọ́ Oputa ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí ìjọba ológun fìyà jẹ, wọ́n pè é, kò yọjú. Ní ọjọ́ ìkójáde ìwé, àwọn ọlọ́lá péjọ, wọ́n dá ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù náírà fún ilé ìkàwé tí wọn yóò kọ́ ní orúkọ rẹ̀. Kí ni wọ́n dá fún àwọn ìyá tí ọmọ wọn kú ní oṣù Keje ọdún 1993?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀rọ̀ yìí kò pin sí Àbújá. Nínú ẹgbẹ́ wa, nínú ìjọ wa, ní àdúgbò wa, a ní alága tí ó ń sún ọjọ́ ìdìbò síwájú, a ní akápò tí ó mọ bí a ti ń fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ìṣírò owó. Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín, kí ẹ sì má ṣe sọ pé, "Ó mà gbọ́n o." Yorùbá kò ṣe aláìní ọ̀rọ̀: ọgbọ́n wà, àrékérekè wà, ẹ̀tàn wà. Ẹ máa pe oníkálukú ní orúkọ rẹ̀. Bí a bá ń pe àrékérekè ní ọgbọ́n nígbà tí ó ṣì kéré, kò ní sí ohun tí a ó pè é mọ́ nígbà tí ó bá gba ìlú lọ́wọ́ wa.

Kí Ọlọ́hun fi òdodo hàn wá ní òdodo, kí Ó sì fún wa ní agbára láti dúró tì í. Àmín.