Àpótí Bọ́tìnì Tí Ọmọ Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Kàn Kì Í Ṣe Èrú

Láti Yoko dé Ṣakẹ́tẹ́, àti láti Ṣakẹ́tẹ́ dé Pọ́bẹ̀, ẹ̀sùn méjì ni mo ń gbọ́ tí a fi ń kan àwọn ọmọ tí ń fi pákó, wáyà àti bọ́tìnì ṣe ohun ìdarí fún eré ìjà orí kọ̀ǹpútà. Àwọn àgbà ní ọ̀lẹ ni wọ́n. Àwọn ọ̀dọ́ ẹlẹgbẹ́ wọn ní èrú ni wọ́n ń ṣe. Ẹ̀sùn kejì yìí ni ó bí òfin kan tí àwọn tí ń ṣètò ìdíje nígbà ìsinmi ti ń lò ní àdúgbò wa: ohun ìdarí tí a rà ní ìsọ̀ nìkan ni a óò gbà, ẹni tí ó bá gbé àpótí àfọwọ́ṣe wá, kí ó gbé e padà sílé. Mo kọ ìwé yìí láti sọ pé òfin náà kò tọ́, àti pé kí a fagi lé e kí ìsinmi tí ń bọ̀ tó dé.

Kí ẹni tí kò rí i rí lè mọ ohun tí à ń wí: nínú eré bíi Street Fighter, tí Capcom ti ilẹ̀ Japan kọ́kọ́ gbé jáde ní 1987, ọ̀pá kan ni a fi ń darí akọni síwájú, sẹ́yìn, sókè àti sísàlẹ̀, bọ́tìnì ni a sì fi ń ju ẹ̀ṣẹ́ tàbí ta ìpá. Àpótí tí mo ń sọ yìí kò ní ọ̀pá rárá. Bọ́tìnì ni gbogbo rẹ̀. Ìka mẹ́ta ọwọ́ òsì wà lórí ẹ̀yìn, ìsàlẹ̀ àti iwájú. Àtàǹpàkò wà lórí bọ́tìnì ńlá tí a fi ń fò. Ọwọ́ ọ̀tún ni ó ń jà. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ Hit Box ni ó sọ ọ́ di olókìkí. Àpótí wọn ti ń lọ sí nǹkan bí 200 dọ́là rí. Ẹ ṣírò rẹ̀ sí fáráǹkì CFA, kí ẹ wá sọ fún mi olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì wo ni yóò rà á fún ọmọ rẹ̀. Èmi kọ́.

Nítorí náà ni àwọn ọmọ ṣe ń kàn án fúnra wọn. Ọ̀nà àtijọ́ ni pé kí wọ́n tú mánẹ́ẹ̀tì tókúnbọ̀ tí apá kan rẹ̀ ti kú, kí wọ́n yọ pátákó iná inú rẹ̀, kí wọ́n sì fi òjé lẹ wáyà mọ́ ibi tí bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀nà tuntun ni Raspberry Pi Pico, pátákó kékeré kan tí kò gùn ju ìka lọ, tí a gbé jáde ní oṣù kìíní ọdún 2021 ní dọ́là 4, pẹ̀lú GP2040-CE, ètò ọ̀fẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè gbà, kí ó kà á, kí ó sì tún un ṣe. Bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ̀ méjì. Ẹsẹ̀ kan lọ sí ojúhò tirẹ̀ lórí pátákó. Èkejì lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí wáyà kan ṣoṣo tí gbogbo wọn jùmọ̀ ń lò. Bí ìka bá tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ méjèèjì á so pọ̀, iná á kọjá, pátákó á sì ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà. Ọmọ tí kò bá lóye ọ̀nà tí iná ń gbà lọ tí ó sì ń gbà bọ̀, àpótí rẹ̀ kò ní dáhùn. Ihò ńkọ́? Mìlímítà 24 tàbí 30 ni bọ́tìnì wọ̀nyí. Bí gbẹ́nàgbẹ́nà bá lu ihò tí ó fi mìlímítà méjì tóbi jù, bọ́tìnì yóò máa mì títí láé. Lẹ́yìn náà ni àtúnṣe yóò bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ ọmọ ọdún 13 kò gbòòrò tó ti àgbàlagbà tí ilé iṣẹ́ fi wọn tirẹ̀. Ọmọ náà yóò gbé ọwọ́ lé ìwé, yóò fi ìlà yí ìka rẹ̀ ká, yóò sì sún bọ́tìnì mọ́ra títí yóò fi bá a mu.

Nínú ẹ̀kọ́ PCT, à ń ní kí àwọn ọmọ ya àwòrán ọ̀nà iná sínú ìwé láti ọdún dé ọdún, ọ̀pọ̀ wọn a sì jáde láìfọwọ́ kan wáyà. Ẹni tí ó wá fọwọ́ kàn án, òun ni a pè ní ọ̀lẹ!

Mo gbà pé ọmọ tí ó ta eré di ọ̀gànjọ́ kò lè gbọ́ ẹ̀kọ́ láàárọ̀. Ẹ gba àpótí lọ́wọ́ rẹ̀ lálẹ́, ẹ dá a padà ní Sátidé. Ọ̀rọ̀ òbí nìyẹn.

Ilẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni ilẹ̀ wa. Nígbà tí UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àrà ọmọ ènìyàn, inú gbogbo wa dùn. Gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó gbẹ́ ère, tí ó so okùn mọ́ ọn kí ère orí rẹ̀ lè máa mira lójú agbo, à ń pàtẹ́wọ́ fún un. A kì í bi í pé ìsọ̀ wo ni ó ti rà á. Nítòsí wa, ní Lomé, Afate Gnikou fi àjákù kọ̀ǹpútà àti ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí a ti jù nù kan ẹ̀rọ tí ń fi ọ̀rá yíyọ́ mọ nǹkan, ní WoeLab, ní 2013, ayé sì yìn ín. Ní Kútọnu, àwọn ọ̀dọ́ BloLab ti to kọ̀ǹpútà sínú bídọ̀n lítà 20, irú bídọ̀n tí àwa níhìn-ín kò mọ ìlò mìíràn fún ju epo bẹntiróòlù lọ. Kí ló dé tí ohun tí ó jẹ́ ọgbọ́n ní Lomé fi di èrú ní Yoko?

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí ọ̀rọ̀ èrú náà, nítorí kì í ṣe òfo pátápátá. Ọ̀pá kò lè wà lẹ́yìn kí ó tún wà níwájú lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n bọ́tìnì méjì lè wolẹ̀ pọ̀, ẹ̀rọ sì gbọ́dọ̀ mọ èyí tí yóò gbọ́ràn sí lẹ́nu. Akọni kan wà tí ń jẹ́ Guile, tí ẹni tí ń lò ó gbọ́dọ̀ di ẹ̀yìn mú fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó lè ju agbára rẹ̀ síwájú. Bí a bá to àpótí kí èyí tí a tẹ̀ kẹ́yìn borí, ẹni náà lè di ẹ̀yìn mú láìjọ̀wọ́ rẹ̀ rárá, kí ó kàn fọwọ́ ba iwájú, kí ó sì ti padà sẹ́yìn kí ẹni tí ń lo ọ̀pá tó yí ọwọ́. Àǹfààní gidi nìyẹn.

Kí ni Capcom ṣe sí i? Ní 2023, fún ìdíje Capcom Pro Tour, ó pàṣẹ pé bí ẹ̀yìn àti iwájú bá wolẹ̀ pọ̀, kí méjèèjì di asán.  Kò ní kí a má lo àpótí bọ́tìnì, kò sì béèrè ẹni tí ó kàn án. Ṣáájú èyí, ní 2019, ó ti kọ àpótí àkànṣe kan tí Daigo Umehara fẹ́ lò, Daigo tí kò sí ẹni tí ń ta eré ìjà tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Òkìkí kò gbà á. Ohun tí àpótí ń ṣe ni wọ́n wò.

Tiwa wá dorí kodò. Ibi tí a ti rà á ni òfin wa ń wò. Ọmọ olówó tí bàbá rẹ̀ ra àpótí ńlá bọ̀ láti òkè òkun, tí ó sì tò ó kí èyí tí a tẹ̀ kẹ́yìn borí, yóò wọlé nítorí pé orúkọ ilé iṣẹ́ wà lára rẹ̀. Ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó ti to tirẹ̀ bí òfin Capcom ṣe wí, ìta ni yóò dúró sí. Nínú àwọn méjèèjì, ta ni ó ń ṣèrú?

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Lọ́jọ́ ìdíje, kí a tẹ́ tábìlì kan sẹ́nu ọ̀nà, kí kọ̀ǹpútà kan wà lórí rẹ̀. Kí oníkálukú so ohun ìdarí rẹ̀ mọ́ ọn, ti ìsọ̀ àti ti àfọwọ́ṣe, kí ó sì tẹ ẹ̀yìn àti iwájú pọ̀. Bí akọni bá dúró sójú kan, kí ó wọlé. Bí ó bá rìn, kí a fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti tún un tò; lórí GP2040-CE, kò gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi fúnra mi yóò jókòó sídìí tábìlì náà láti àárọ̀ di alẹ́, mo sì ti rí akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí yóò bá mi ṣe é.