Ẹ Kọ Owó-oṣù Ọlọ́pàá Sínú Òfin

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ti ilé-iṣẹ́ àti ti ojú títì,

Àwọn kan yóò bi wá pé kí ló kàn wá nínú owó-oṣù ọlọ́pàá. Ṣé ọlọ́pàá tí ń na dẹ́rẹ́bà, tí ń yin tajútajú sí àwọn tó yan iṣẹ́ lódì? Àwọn náà ni, ọ̀rọ̀ wọn sì kàn wá gidigidi, nítorí àwa ni à ń san èyí tí ìjọba kò san. Dẹ́rẹ́bà tó bá ti na owó jáde lójú fèrèsé níbi tí wọ́n gbé igi dínà mọ ohun tí à ń wí. Owó náà kò ní rìsíìtì. Orí owó ọkọ̀ ni dẹ́rẹ́bà ń gbé e lé, òṣìṣẹ́ tó ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ló sì ń san án.

A kò sọ pé ebi jẹ́ àwáwí o. Ebi ń pa nọ́ọ̀sì náà, kò sì na ìbọn sí ẹnikẹ́ni.

Òfin kò gba ọlọ́pàá láàyè láti dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí ara kan wọ́n ní oṣù Kejì ọdún 2002, tí wọ́n da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó, ọ̀tẹ̀ ni ìjọba pè é. Oṣù Kẹta kò tíì parí tí ọ̀gá ọlọ́pàá pátápátá fi kúrò nípò. Ààrẹ fi owó kún owó-oṣù wọn ní 2018. Lẹ́yìn ìwọ́de EndSARS ti 2020, wọ́n tún kéde àfikún mìíràn ní ìparí 2021. Ìgbà tí ìlú bá dàrú ni wọ́n ń rántí wọn. Tiwa wà nínú òfin: ₦30,000 ní 2019, ₦70,000 ní 2024, a ó sì máa tún un yẹ̀ wò ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta. Kí ló dé tí ti ẹni tó gbé ìbọn yóò fi jẹ́ ọ̀rọ̀ àánú?

Àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ ní ọwọ́ àwọn dè, pé abala 214 òfin ìpilẹ̀ṣẹ̀ 1999 ní ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni kí Nàìjíríà ní. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n Èkó ṣe òfin àpò owó ààbò ní 2007, ó fi ń ra ọkọ̀ fún ọlọ́pàá. Ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wa ṣe òfin Àmọ̀tẹ́kùn ní 2020. Wọ́n mọ òfin í ṣe nígbà tó bá wù wọ́n.

Ní oṣù Kejì ọdún 2024, Ilé Aṣojú-ṣòfin l'Ábújá ka àbá ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Àwa kò lòdì sí i. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọdún 2015, nígbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba l'Ọ́ṣun ń retí owó-oṣù fún oṣù púpọ̀. Tíṣà tí wọ́n jẹ lówó yóò lọ dáko. Ọlọ́pàá tí wọ́n jẹ lówó ńkọ́? Ojú títì ni yóò wá, ọ̀dọ̀ wa.

Nítorí náà, kí ìpínlẹ̀ kankan tó gbé ìbọn fún ẹnìkan, kí òfin rẹ̀ kọ iye owó-oṣù sílẹ̀, kí ó má kéré sí ti Àbújá, kí a yọ ọ́ kí gómìnà tó fọwọ́ kan owó mìíràn. Kí ó kọ owó ìfẹ̀yìntì pẹ̀lú, àti ìjìyà fún ẹni tó bá tún gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà. Bí aṣòfin àdúgbò yín bá wá kí yín, ẹ béèrè iye náírà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì ní kó fi abala tí wọ́n kọ ọ́ sí hàn yín.