Lọ́wọ́ Ta Ni A Ti Gba Okùn Yìí? Èrò Mi Lórí Berimbau àti Gòjé

Ọ̀rọ̀ òní kì í ṣe ìtúmọ̀ ẹsẹ kan pàtó gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe. Èrò ọkàn mi ni mo fẹ́ sọ lórí ohun-èlò orin kan tí àwọn ènìyàn ń béèrè lọ́wọ́ mi lemọ́lemọ́, èyíinì ni ọrun olókùn kan tí ó ní akèrègbè nídìí, tí àwọn ará Brazil ń pè ní berimbau.

Àwòrán rẹ̀ ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ láàárín àwa oníṣẹ̀ṣe lórí Facebook àti WhatsApp. Àlàyé tí wọ́n ń kọ sí abẹ́ rẹ̀ ni pé ohun-èlò Ògún ni, pé àwọn baba wa ni wọ́n gbé e kọjá òkun. Ìdáhùn mi kò gùn: kì í ṣe tiwa. Àwọn ènìyàn Àngólà ni wọ́n ni í. Mo mọ̀ pé ìdáhùn yìí kò dùn létí àwọn kan, nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, kí n sì sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kan ẹni tí ń bọ Ifá.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Igi tí ó le, tí ó sì ń tẹ̀ láìdá ni wọ́n fi ń ṣe é. Biriba ni orúkọ èyí tí àwọn ará Bahia yàn láàyò. Wọ́n á bó èèpo rẹ̀, wọ́n á fá a kí ó dán. Wáyà irin kan ṣoṣo ni okùn rẹ̀, inú táyà ọkọ̀ tí ó ti gbó sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe é lóde òní ti ń fa wáyà náà yọ. Wọ́n á tẹ igi náà kọdọrọ, wọ́n á fi wáyà so orí rẹ̀ mọ́ ìdí. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á gé ẹnu akèrègbè gbígbẹ kan, wọ́n á sì fi okùn tín-ín-rín so ó mọ́ ìsàlẹ̀ ọrun náà.

Ọwọ́ òsì ni ẹni tí ń lù ú fi ń gbé e dúró, ìka ọmọńdinrín ni ó sì ń ru ìwúwo rẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ tàbí owó idẹ ni ó fi ń tẹ wáyà kí ohùn lè yí padà. Ọwọ́ ọ̀tún di ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó fi ń lù ú mú, pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ kékeré tí a hun, tí a da èso gbígbẹ sínú rẹ̀, tí ó ń dún bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ẹnu akèrègbè kọjú sí ikùn ẹni náà. Bí ó bá fà á mọ́ra, ohùn á dé. Bí ó bá sún un síwájú, ohùn á là. Ìwọ̀n mẹ́ta ni ó pín sí nínú agbo capoeira: gunga tí ohùn rẹ̀ wúwo jù, médio, àti viola tí ohùn rẹ̀ tinrín. Gunga ni àgbà. Òun ni ó ń sọ ìgbà tí eré yóò bẹ̀rẹ̀, bí yóò ṣe yá sí, àti ìgbà tí yóò parí.

Ibo ni ó ti wá? Ní Àngólà, ọrun tí a so akèrègbè mọ́ wà, tí à ń fi ọ̀pá lu okùn rẹ̀, tí à ń gbé ẹnu akèrègbè rẹ̀ sí àyà tàbí ikùn. Hungu ni orúkọ ọ̀kan. Mbulumbumba ni orúkọ òmíràn ní apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ náà. Gerhard Kubik, onímọ̀ orin ará Austria, tẹ ìwé kan jáde ní 1979 lórí ohun tí àwọn ará Àngólà gbé dé Brazil nínú orin, eré àti ijó, ó sì fi bí ọrun ìhà méjèèjì ṣe jọra hàn. Jean-Baptiste Debret, ayàwòrán ará Faransé, ti ya afọ́jú kan tí ń lu irú ọrun yìí ní Brazil ní nǹkan bí 1826. Urucungo ni ó pè é. Nínú àwòrán capoeira tí Rugendas, ará Jámánì, tẹ̀ jáde ní 1835, ìlù ni ó wà níbẹ̀, kò sí ọrun. Èyí fi hàn pé ọrun náà àti eré náà ti wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó di tọkọtaya. Lónìí pàápàá, ọ̀kan nínú ìlù tí wọ́n ń lù lórí berimbau ń jẹ́ Angola. Nígbà tí Mestre Pastinha sì dá ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Salvador ní 1941, Capoeira Angola ni ó pe eré tí ó ń kọ́ni. Àwọn tí wọ́n ni nǹkan kò fi orúkọ rẹ̀ pamọ́.

Àwọn ará wa ní Bahia pàápàá mọ ìyàtọ̀ yìí ju àwa tí a wà nílé lọ. Ilé Kétu wà, ilé Jeje wà, ilé Àngólà wà. Ní ilé Kétu, ìlù mẹ́ta, rum, rumpi àti lé, pẹ̀lú agogo, ni wọ́n fi ń kí òrìṣà, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n sì fi ń lu ìlù wọn. Ní ilé Àngólà, àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n fi ń lù ú. Ẹ ro ó wò: wọ́n kó àwọn ènìyàn wọ̀nyí lẹ́rú, wọ́n gba orúkọ lọ́wọ́ wọn, wọ́n da ẹ̀yà pọ̀ mọ́ ẹ̀yà nínú oko ìrèké. Síbẹ̀, wọn kò gbàgbé ẹni tí ń fi ọ̀pá lù àti ẹni tí ń fi ọwọ́ lù. Àwa tí ẹnikẹ́ni kò kó kúrò nílé ni a wá fẹ́ da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ìkòkò kan. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ẹni tí ń ṣe capoeira jẹ́ ọmọ òrìṣà, wọ́n sì lè pe Ògún kí wọ́n tó wọ agbo. Ṣùgbọ́n bí adífá bá wọ bàtà tí aláwọ ará Kánò rán, bàtà náà kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di iṣẹ́ ọwọ́ awo.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan Ifá nìyí. Ẹ̀yin tí ẹ ń bá wa ka ẹsẹ níbí mọ bí ẹsẹ ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Kí a tó gbọ́ ẹni tí wọ́n dífá fún, kí a tó gbọ́ ohun tí ojú rẹ̀ rí, kí a tó gbọ́ ẹbọ tí wọ́n ní kí ó rú, orúkọ àwọn awo tí wọ́n dá Ifá náà ni a kọ́kọ́ ń gbọ́. Ẹni tí ó bá fo orúkọ wọn kọjá ti ba ẹsẹ náà jẹ́ láti ìpìlẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni mo lò lọ́dọ̀ olúwo mi. Bí mo bá ki ẹsẹ kan tí kì í ṣe òun ni ó kọ́ mi, kì í kọ́kọ́ sọ pé ó dára tàbí kò dára. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé, “Lọ́wọ́ ta ni o ti gbà á?” Bí n kò bá rí orúkọ dá, a kì í ki ẹsẹ náà lójú ọpọ́n. Ohun tí a fi ọwọ́ ṣe kò yàtọ̀. Ó ní awo tí ó kọ́kọ́ dá a. Àwọn awo berimbau ni àwọn ènìyàn Àngólà tí a kó sọdá òkun, àti àwọn ọmọ wọn ní Brazil tí wọ́n tún un ṣe. Ẹ jẹ́ kí a dárúkọ wọn.

Ní ọdún tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé ọ̀kan wá sí ilé mi. Owó gọbọi ni ó fi rà á, ẹni tí ó tà á fún un sì sọ fún un pé ọrun Ògún láti ayébáyé ni. Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi tẹ ìyẹ̀rosùn sí i, kí ó lè di ti òrìṣà.” Mo ní, “Ọmọ mi, mo lè wúre fún ọwọ́ tí ìwọ yóò fi lù ú. N kò lè fún un ní oríkì tí kì í ṣe tirẹ̀.” Inú rẹ̀ kò dùn lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo wá sọ ìtàn rẹ̀ fún un, ó jókòó tì mí títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìtàn òtítọ́ náà tóbi ju irọ́ tí wọ́n tà fún un lọ.

Àwọn kan yóò sọ pé, “Ṣebí adúláwọ̀ ni gbogbo wa, kí ni ó burú níbẹ̀?” Ọmọ ìyá kan náà ni Táíwò àti Kẹ́hìndé, síbẹ̀ wọn kì í jẹ orúkọ kan náà. Nínú Ọ̀sá Òtúrá, Ifá kò fi òtítọ́ ṣeré. Bí ó bá sì jẹ́ ti èrè ni a ń sọ, irọ́ yìí yóò pa wá lára. Nígbà tí a bá wí pé ilẹ̀ wa ni batá Kúbà ti lọ, ẹ̀rí wà lọ́wọ́ wa: ìlù olójú méjì ni tiwọn bíi tiwa, ìyá sì ni wọ́n ń pe àgbà rẹ̀ títí di òní. Bí wọ́n bá ká irọ́ berimbau mọ́ wa lọ́wọ́, ta ni yóò tún gbọ́ ẹ̀rí wa lórí batá?

Ẹgbẹ́ kejì wà tí n kò bá ṣe. Àwọn wọ̀nyí ní ìlù nìkan ni òrìṣà gbọ́, pé ohun olókùn jẹ́ ti àlejò. Wọn kò wo ayé yíká. Ní ilẹ̀ Songhay ní orílẹ̀-èdè Niger, gòjé olókùn kan tí wọ́n ń pè ní godji ni wọ́n fi ń pe àwọn ẹ̀mí wọn wá sí agbo. Goge náà ni àwọn Hausa ẹlẹ́sìn bọ́rì ń lò. Ní Kúbà, àwọn ọmọ Ọ̀ṣun a máa pe àwọn tí ń ta gòjé òyìnbó wá síwájú ìtẹ́ ìyá wọn láti fi orin kí i. Violín ni wọ́n ń pe ayẹyẹ náà. N kò gbọ́ pé Ọ̀ṣun kọ̀ ọ́. Ìpèsè àti àràn ni ti Ifá, n kò sì sọ pé kí a pa wọ́n tì. Ohun tí mo ń sọ ni pé okùn kì í ṣe ọ̀tá òrìṣà.

Èyí ni ó mú mi dé orí gòjé tiwa. Ọwọ́ àwọn Hausa ni a ti gbà á, orúkọ rẹ̀ sì ń jẹ́rìí sí i. Kò sí baba wa kan tí ó sẹ́. Igbá tí a là, tí a fi awọ awọ́nríwọ́n bò lójú, ni ara rẹ̀. Irun ìrù ẹṣin ni okùn rẹ̀, irun ìrù ẹṣin náà ni ó wà lára ọrun kékeré tí a fi ń ha á. Àwọn baba wa gbà á, wọ́n fi sí ẹ̀gbẹ́ ìlù sákárà, wọ́n sì kọ́ ọ ní èdè Yorùbá títí ó fi ń tẹ̀lé òkè àti ìsàlẹ̀ ohùn olórin. Ẹni tí ó bá gbọ́ àwo Yusuf Olatunji, Baba Lẹ́gbàá, tí ó papòdà ní 1978, mọ ohun tí mo ń wí. Bí a ti ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹlòmíràn láìjalè nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ní ìlú tí mo ń gbé, mo lè ka iye ẹni tí ó mọ gòjé í ṣe lórí ọwọ́ kan, ìka á sì kù. Kò sí ọmọ iṣẹ́ lẹ́yìn wọn. Ohun tí ó ń dùn mí jù nìyí: à ń jà lórí igbá ẹlẹ́gbẹ́ wa, tiwa sì ń fọ́ sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn mi, bí ẹ bá fẹ́ràn berimbau, ẹ lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n ni í, ẹ sì dárúkọ Àngólà bí ẹ bá ń lù ú. Bí ẹ bá ní ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́, ẹ wá àgbà onígòjé kan kí ó tó lọ, kí ọmọ náà jókòó tì í, kí ó kọ́ bí a ti ń yan igbá àti bí a ti ń fa awọ. Lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá bi ọmọ náà pé lọ́wọ́ ta ni ó ti gbà á, kí ó rí orúkọ dá.

Ifá á jẹ́ kí a rí arọ́pò. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.